Dóò Mi Ń Ya, Písà Mi Ń Lẹ̀ Mọ́ Pátákó

ÌBÉÈRÈ

 Ṣàpọ́n ni mo ń gbé, lápá ibi tí ọ̀nà ti ń lọ sí Ìtọ̀kú, ibẹ̀ náà ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Búrẹ́dì àti míìtì páì ni iṣẹ́ tí mo kọ́, ó ti di ọdún mẹ́fà tí mo ti ń tà á. Ààrò amọ̀ tí bàbá ọkọ mi fi ń ṣe búrẹ́dì láyé ìgbà tiwọn ṣì wà lẹ́yìnkùlé wa, kò sán rárá, èmi ni mo ń lò ó báyìí. Mo tún ní ófùn gáàsì kékeré kan nínú ṣọ́ọ̀bù.

Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò ló ní kí n máa ṣe písà. Mo gbìyànjú ẹ̀, ó sì ń dójú tì mí. Bí mo bá tẹ́ dóò náà, á sún kì padà bí rọ́bà. Bí mo bá fagídí fà á, á ya láàárín. Bí ó bá tiẹ̀ gbà, tí mo ti to ata àti ṣíìsì lé e, bí yóò ṣe wọnú ààrò á tún di ogun. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìdajì wọlé, ìdajì lẹ̀ mọ́ pátákó, ṣíìsì dà sórí ilẹ̀ ààrò gbígbóná, èéfín gba gbogbo agbo ilé, àwọn àyálégbé sá jáde. Èyí tó bá sì wọlé dáadáa, ìdí ẹ̀ á jóná, orí ẹ̀ á funfun. Ti gáàsì wá yàtọ̀: orí á pọ́n, ìdí á rọ̀ bí ẹ̀kọ tútù.

Ṣé kí n máa fi igi tí mo fi ń yí míìtì páì tẹ́ ẹ ni, àbí kí n gbé e lọ síbi ẹ̀rọ tí a fi ń lọ dóò búrẹ́dì? Mo tún rí àwọn tó ń jù ú sókè lórí fóònù. Ṣé ibẹ̀ ni àṣírí ẹ̀ wà? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Ṣàpọ́n, Abẹ́òkúta

ÌDÁHÙN

Ìyá Ìbejì, ọmọ mi, má bínú pé mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo ka ibi tí àwọn àyálégbé ti sá jáde. Ohun tó ṣe ọ́ ti ṣe mí rí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ti písà sínú ààrò, ṣe ló ká pọ̀ bí ẹni tí inú ń run, mo sì fi irin wa iná fà á jáde bí òkú òkété. Mo ti fi ohun tó lé lọ́gbọ̀n ọdún po búrẹ́dì kó tó di ọjọ́ náà. Nítorí náà, má rò pé ọwọ́ rẹ ni kò dára.

Kí n kọ́kọ́ dáhùn ti jíjù sókè, torí òun ló rọrùn jù. Kò sí àṣírí kankan níbẹ̀. Ní Naples, ìlú Ítálì tí òkìkí písà ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn aláṣepísà ti wọ ìwé àjogúnbá UNESCO lọ́dún 2017, orí tábìlì ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ náà ti ń parí, pẹ̀lú ìka àti àtẹ́lẹwọ́. Àwọn tó ń jù ú sókè ń fi dá àwọn oníbàárà lára yá ni. Bí ìwọ náà bá fẹ́ dá ará Ṣàpọ́n lára yá lọ́jọ́ iwájú, mo fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n kì í ṣe lọ́dún yìí.

Ohun kan wà tí o kò sọ fún mi, ìwé rẹ sì ti sọ ọ́. Dóò búrẹ́dì rẹ lo fi ń ṣe písà, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Ìdí tó ń yára jóná ló tú ọ fó: ṣúgà wà nínú ẹ̀. Dóò wa, dóò líle ni, ó ládùn, ó ní bọ́tà, lẹ́yìn náà a ó tún kì í bọ ẹ̀rọ, a ó lọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, títí tí yóò fi dán. Ará Jàmáíkà kan, Amos Shackleford, tó wá ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Nàìjíríà lọ́dún 1913, tí òun àti ìyàwó rẹ̀ sì dá ilé búrẹ́dì sílẹ̀ l'Ékòó lọ́dún 1921, ni wọ́n kà sí ẹni tó mú ẹ̀rọ yẹn wọ ilẹ̀ wa. Ẹ̀rọ náà ló jẹ́ kí búrẹ́dì wa kún, kó sì máa fà lẹ́nu. Ẹ̀rọ yẹn ń fún gbogbo afẹ́fẹ́ inú dóò dànù, kí inú búrẹ́dì lè dọ́gba. Afẹ́fẹ́ yẹn gan-an ni písà ń fẹ́. Nítorí náà, má gbé e súnmọ́ ẹ̀rọ náà.

Po tiẹ̀ lọ́tọ̀. Fúláwà kílò kan, omi tútù 600 gíráàmù, iyọ̀ 25 gíráàmù, yíìsì gbígbẹ gíráàmù 3 péré. Kò sí ṣúgà, kò sí bọ́tà. Fi òṣùwọ̀n wọ̀n ọ́n, má fi kọ́ńgò wọ̀n ọ́n. Yíìsì yẹn á dà bíi pé ó kéré lójú ẹni tó ń ṣe búrẹ́dì, ṣùgbọ́n oòrùn Abẹ́òkúta fúnra ẹ̀ ń bá yíìsì ṣiṣẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí o bu bromate sí i kó lè máa fà, lé e jáde nínú ṣọ́ọ̀bù; NAFDAC ti fòfin dè é tipẹ́.

Fúláwà búrẹ́dì gidi ni kí o rà. Inú àlìkámà ni iṣan tó ń jẹ́ kí dóò fà wà, kò sí nínú àgbàdo, kò sí nínú ẹ̀gẹ́. Àwa tí a po búrẹ́dì láàárín 1987 sí 1992, nígbà tí ìjọba fòfin de kíkó àlìkámà wọ̀lú, ojú wa rí i: a da àgbàdo mọ́ ọn, a da ẹ̀gẹ́ mọ́ ọn, búrẹ́dì ń rún lọ́wọ́ bí ògiri àlàpà. Nígbà tí ọmọ Òwu wa, Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, jẹ́ ààrẹ, ìjọba rẹ̀ náà ní kí àwọn tó ń lọ fúláwà fi ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún sí i. Mi ò bú ẹ̀gẹ́ o, ta ni ọmọ Lísàbi tí yóò bú ẹ̀gẹ́? Mo kàn ní kò ní iṣan ni. Fún dóò tí a fẹ́ tẹ́ títí ìmọ́lẹ̀ yóò fi là á kọjá, ìdá mẹ́wàá yẹn pọ̀.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ sísún kì. Bí o bá po fúláwà tán, iṣan yẹn á le koko. Ó dà bí alárù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ẹrù kalẹ̀ ní ọjà Kútọ̀: má tíì ní kó jó, jẹ́ kó sinmi ná. Ìsinmi ni ìwọ kò fún un. Pò ó fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, bò ó fún wákàtí kan, kí o wá gé e sí mẹ́fà, 270 gíráàmù lọ́kọ̀ọ̀kan. Yí ìkọ̀ọ̀kan di ìṣù roboto tí ara rẹ̀ dán, kó wọn sínú ike tó ní ìdérí, tí o ti fi òróró díẹ̀ pa nínú, kí o sì jìnnà sí wọn fún wákàtí méjì sí mẹ́ta. Má fi aṣọ tútù bò wọ́n, á lẹ̀ mọ́ wọn. Nígbà ọyẹ́, kí ìdérí náà dé dáadáa, torí bí ara ìṣù bá ti gbẹ, ibẹ̀ ni yóò ti ya. Bí iná mànàmáná bá ṣeé gbára lé lọ́dọ̀ rẹ, kó wọn sínú fíríìjì di ọjọ́ kejì, kí o kó wọn jáde ní wákàtí kan ààbọ̀ kí o tó tẹ́ wọn. Á dùn ju ti ọjọ́ kan náà lọ.

Báwo lo ṣe máa mọ̀ pé ó ti tó? Fi ìka kan tẹ̀ ẹ́. Bí ojú ibẹ̀ bá fò padà lójijì, kò tíì tó. Bí kò bá padà rárá, ó ti pẹ́ jù. Bí ó bá ń rọra padà bí ẹni tí kò fẹ́ jí, gbé e.

Fọ́n fúláwà sórí tábìlì. Bọ́ òrùka, bọ́ ẹ̀gbà ọwọ́, gé èékánná. Mélòó nínú àwọn tó ń ya yẹn ló jẹ́ pé òrùka ìgbéyàwó ló ya á? Fi irin pẹlẹbẹ rọra yọ ìṣù kan nínú ike. Bí o bá fà á gùn nígbà tí o ń yọ ọ́, gígùn ni yóò máa gùn dé orí àwo, kò sí ohun tí o lè ṣe sí i mọ́. Yí i nínú fúláwà níhà méjèèjì. Kó orí ìka rẹ jọ, bẹ̀rẹ̀ láàárín, kí o máa tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó ń wò ó bóyá ìbẹ́pẹ ti pọ́n, kí o máa sún lọ sí etí díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá ku ìbú ìka kan kí o kan etí, dúró. Má fọwọ́ kan etí yẹn. Afẹ́fẹ́ tí yíìsì ti ń kó jọ láti òwúrọ̀, ibẹ̀ lo ń lé e lọ, òun ni yóò wú nínú ààrò. Yí i dojú dé, tẹ ìhà kejì bákan náà.

O wá rí ìdí tí mi ò fi fẹ́ igi míìtì páì. Igi kò mọ etí yàtọ̀ sí àárín, gbogbo ẹ̀ ni yóò tẹ̀ pa. Mi ò ní parọ́ fún ọ: àwọn ará Róòmù ń fi igi yí tiwọn, ó sì ń tín-ín-rín, ó ń ta kàkàkà lẹ́nu. Bí irú èyí bá wù ọ́, ìyẹn náà jẹ́ písà. Ṣùgbọ́n ìwọ sọ pé o fẹ́ èyí tó ń wú létí bíi tàwọn onípísà ńlá tó kún Èkó láti ìgbà tí Domino's ti ṣílẹ̀kùn níbẹ̀ lọ́dún 2012, àbí? O kò sọ ọ́, èmi ni mo sọ ọ́ fún ọ.

Bí ó bá ti fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ méjì, di ọwọ́ rẹ méjèèjì ní ẹ̀ṣẹ́, gbé e lé ẹ̀yìn ọwọ́, kí ó rọ̀ kalẹ̀. Ìwúwo ara rẹ̀ ni yóò fà á, iṣẹ́ tìrẹ ni kí o máa yí i ká lẹ́sẹẹsẹ. Dojú kọ fèrèsé: ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti ń là kọjá ti tó, má fa ibẹ̀ mọ́, wá ibi tó ṣì dúdú. Ó tó nígbà tí ó bá fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 28. Bí ó bá ya, gbé e kalẹ̀, fún ẹnu ibi tó ya pọ̀ kó gun ara wọn, máa bá iṣẹ́ lọ. Bí ó bá tún ń sún kì, má bá a jà. Da abọ́ dé e fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí o mú òmíràn. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn ni ọ̀pọ̀ wa kì í ní sùúrù fún, òun náà ló sì ń ba ohun gbogbo jẹ́.

Kó tó kan ààrò, jẹ́ ká sọ̀rọ̀ pátákó. Ní kí káfíńtà kan bá ọ gbẹ́ ẹ: pátákó àfàrà tó ti gbẹ, torí ó fúyẹ́, kó fẹ̀ ju písà rẹ lọ díẹ̀, kó lọ́wọ́ gígùn, kí iwájú ẹ̀ tín-ín-rín bí ẹnu ọbẹ. Kó má fi fáníìṣì kùn ún. Ìwọ náà má máa rẹ ẹ́ sómi. Gbígbẹ ni kó máa wà ní gbogbo ìgbà. Èyí tí o ń lò báyìí, mo fura pé èyí tí o fi ń ti páànù búrẹ́dì ni, omi sì máa ń wà lára ẹ̀. Páànù kò níṣòro pẹ̀lú omi, dóò ló níṣòro. Ti yíyí nínú iná àti fífà jáde, onírin pẹlẹbẹ kékeré ló dára fún un.

Sẹ̀mó ni kí o fọ́n sórí pátákó, ìwọ̀nba díẹ̀. Hóró rẹ̀ le, á máa yí lábẹ́ dóò bí òkúta wẹ́wẹ́ lábẹ́ bàtà. Fúláwà kì í le bẹ́ẹ̀, kíá ló ń mu omi dóò. Aládùúgbò mi kan fi láfún dán an wò, ó ní ọmọ Ẹ̀gbá ni òun, kí ni kò ní ṣeé fi láfún ṣe. Ó lẹ̀ gbagidi, ìdí písà sì ń kan. Ibi ọbẹ̀ ewédú àti inú àwo àdìrẹ ẹlẹ́kọ ní Ìtọ̀kú ni láfún ti ń jọba. Ẹ jẹ́ kó máa jọba níbẹ̀.

Ní ti ohun tí o máa tò lé e, ọwọ́ rẹ ni adùn wà. Omi nìkan ni mò ń sá fún. Din tòmátì àti ata rẹ títí omi yóò fi gbẹ, ṣíbí ìjẹun mẹ́ta tó. Ṣíìsì, ẹ̀kúnwọ́ kan. Kí gbogbo rẹ̀ ti wà nítòsí ní gígé kí o tó gbé dóò lé pátákó, torí láti ìgbà tó bá ti gorí igi ni ó ti ń wá ibi tí yóò lẹ̀ mọ́. Kó má lò ju ìṣẹ́jú kan lọ níbẹ̀. Kí o tó rìn lọ sí ìdí ààrò, mi pátákó náà díẹ̀: gbogbo písà gbọ́dọ̀ máa rìn lórí ẹ̀. Bí apá kan bá dúró, gbé etí ibẹ̀ sókè, fọ́n sẹ̀mó sábẹ́ ẹ̀, mì í lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọjọ́ tí àwọn àyálégbé rẹ sá jáde, mímì yìí ni o kò ṣe.

Fi ẹnu pátákó kan ilẹ̀ ààrò ní ibi tí o fẹ́ kí iwájú písà wà. Tì í síwájú díẹ̀ lójijì kí iwájú ẹ̀ lè mú ilẹ̀, kí o sì fa pátákó padà lẹ́ẹ̀kan náà, nílẹ̀ nílẹ̀, bí ẹni tó ń fa ẹní kúrò lábẹ́ ọmọ tó sùn tí kò fẹ́ kó jí. Ẹni tó bá lọ́ra, tó ń fà á díẹ̀díẹ̀, òun ni tiẹ̀ ń ká pọ̀. Kó o tó lo dóò, fi aṣọ ìnuwọ́ tí o ká dánra wò lórí tábìlì nígbà ogún.

Wàyí o, iná. O ti mọ bí a ṣe ń ṣe fún búrẹ́dì: a ó dáná sínú ààrò, a ó wa ẹyin iná jáde, a ó gbá a, a ó kó páànù wọlé, amọ̀ gbígbóná ni yóò sè é. Ohun tó o ń ṣe sí písà náà nìyẹn, òun náà ló sì fà á tí ìdí fi ń jóná tí orí ń funfun. Ilẹ̀ gbóná, kò sí nǹkan kan lókè. Fún písà, iná kì í jáde. Koná títí èéfín dúdú tó lẹ̀ mọ́ àjà ààrò yóò fi jó kúrò, tí àjà yóò tún padà mọ́. Wá ti ẹyin iná sí ẹ̀gbẹ́ kan, ki igi wẹ́wẹ́ méjì sórí ẹ̀ kí ahọ́n iná lè máa lá àjà, kí o sì gbá ilẹ̀ ìyókù mọ́. Igi ayin gbígbẹ dára púpọ̀. Pátákó tó ní ọ̀dà, má fi dáná oúnjẹ ènìyàn.

Ju fúláwà díẹ̀ sórí ilẹ̀ ààrò. Bí ó bá dúdú lójú ẹsẹ̀, ilẹ̀ gbóná jù. Fi àkísà tútù tí o so mọ́ igi nù ún, dúró díẹ̀, tún dán an wò. Bí ó bá rọra pọ́n, ti písà wọlé. Àwọn ará Naples ní ìṣẹ́jú kan sí ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ ni tiwọn fi ń jinná. Ti ààrò rẹ lè tó ìṣẹ́jú mẹ́ta, kò burú. Má kúrò níbẹ̀. Lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú-àáyá ọgbọ̀n, ki onírin sábẹ́ ẹ̀, yí i kí ẹ̀yìn ẹ̀ kọjú síná, kí o sì dá a padà sí ojú ibi tó ti wà. Ojú ibẹ̀ ti tutù díẹ̀ nítorí písà. Bí o bá gbé e sí ibòmíràn tí kò tíì sí nǹkan lórí ẹ̀, ìdí á dúdú. Máa wọ aṣọ òwú, kì í ṣe náílọ́ọ̀nù, kí àwọn ìbejì sì jìnnà síbẹ̀.

Ti ófùn gáàsì kò gùn. Kò lè gbóná ju bíi 250 lórí Celsius lọ, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ gbóná ṣùgbọ́n kò sí ilẹ̀ gbígbóná. Ní kí wẹ́dà bá ọ gé irin dúdú tó nípọn mílímítà mẹ́fà, kó má jẹ́ èyí tí wọ́n fi síǹkì bò, torí èéfín síǹkì ń pani lára. Fọ̀ ọ́, fi òróró pa á, gbé e sí àjà òkè nínú ófùn, kí o jẹ́ kó gbóná fún wákàtí kan gbáko kí písà tó gùn ún. Ìṣẹ́jú mẹ́fà sí mẹ́jọ, ó ti jinná. Má ṣa òkúta lódò Ògùn wá fi ṣe é, bó ti wù kó tẹ́jú tó: omi inú ẹ̀ lè mú kó bú gbàmù nínú iná. Ti àpáta Olúmọ, a kì í tiẹ̀ sọ ọ́.

Sátidé tó ń bọ̀, po kílò kan, gé e sí mẹ́fà, má sì ta ìkankan nínú wọn. Èyí tó bá ya, kí ẹ jẹ ẹ́ nílé. Fi ọ̀kan tó dára jù lọ tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ àwọn àyálégbé. Kí o wá kọ̀wé sí mi padà, kí o sọ ìṣù ìkelòó ló kọ́kọ́ bọ́ lórí pátákó láì lẹ̀. Èmi ń ta á sí ìkẹrin.